Ẹwìrì, Ìkòkò Aró àti Pátákó Ìkọ̀wé: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Ọ̀ṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ní Ọ̀tan-Ilé tiwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, níbi tí ọ̀nà kò ti jìn sí Ẹ̀sà-Òkè, tí kò sì jìn sí Ìmẹ̀sí-Ilé tí àwọn baba wa ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà Ogun Kírìjì ní 1886, àgbẹ̀dẹ kan wà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń yà sí bí a bá ti ilé-ìwé dé. Iná ni a ń lọ wò. Ọmọkùnrin kan tí kò jù wá lọ ní ọjọ́ orí ni ó máa ń jókòó sídìí ẹwìrì, tí yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì fín in, ọ̀tún lọ, òsì bọ̀, tí iná ìléru yóò máa ràn, títí irin tí ó wà nínú ẹ̀yinná yóò fi pọ́n bí ẹyìn. Bàbá alágbẹ̀dẹ kì í bá a sọ̀rọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, bàbá á wúkọ́. Bí ó bá kéré, á fi èmú kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á sì mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó gbé ọmọ owú lé e lọ́wọ́, àwa tí a sì ti ka ìwé méjì tán láàárín ọdún méjì náà gbà lọ́kàn wa pé a ti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ilé-ìwé ni òun náà ń lọ, àti pé olùkọ́ tirẹ̀ mọ ohun kan tí àwọn olùkọ́ wa kò mọ̀: ó mọ iye ìgbà tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń gbà kí ó tó gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ọ̀ṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, láti ìgbà tí aláró àti alágbẹ̀dẹ nìkan jẹ́ olùkọ́, dé ìgbà tí reluwé wọlé, tí ìjọba kọ́ tírédì sẹ́ńtà, tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán tí gbogbo ayé ń rà, tí ilé iṣẹ́ irin ńlá dé, títí di ayé politẹ́kíníìkì tí a wà yìí. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà, tí mo sì fẹ́ fi yé ẹni tí ó bá ka ìwé mi, ni pé ilẹ̀ wa kò ṣaláìní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rí. Méjì ni a ní. Ọ̀kan wà lábẹ́ àtíbàbà ọ̀gá, ọ̀kan wà lábẹ́ páànù ìjọba. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí rí sí ara wọn, àmọ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìgbà díẹ̀ péré ni wọ́n tíì ran ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí aró bẹ̀rẹ̀, nítorí Ọ̀ṣogbo ìlú aró ni, Òròkí ni, aró sì ni ọ̀rọ̀ kìíní nínú ìtàn tí ìlú náà ń sọ nípa ara rẹ̀. Nígbà tí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn kó àwọn ènìyàn wọn dé etí odò, tí igi tí wọ́n gé wó lu omi, ohùn tí ó ti inú odò jáde kò ké nítorí ẹja, bẹ́ẹ̀ ni kò ké nítorí wúrà. Ìkòkò aró rẹ̀ tí wọ́n fọ́ ni Yèyé Ọ̀ṣun ń ké lé lórí. Ìlú mìíràn a máa fi jagunjagun tàbí ọdẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Àwọn ará Ọ̀ṣogbo fi obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ tiwọn, wọ́n sì jẹ̀bi rẹ̀ kí wọ́n tó di ọmọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń pe iṣẹ́ aró ní iṣẹ́ òpè kò tíì dúró ti aláró rí. Ìyá aláró yóò gún ewé èlú, yóò mọ ọ́n róbótó-róbótó, yóò sá a gbẹ. Yóò to ìkòkò méjì lé ara wọn, ti òkè a lu ihò nídìí. Yóò kó eérú sínú ti òkè, yóò bu omi lé e, omi eérú yóò sì máa ro tótó sínú ti ìsàlẹ̀. Inú omi yẹn ni èlú yóò rẹ sí fún ọjọ́ púpọ̀, òórùn rẹ̀ ni ìyá yóò sì fi mọ ọjọ́ tí ó tó. Bí ó bá ri aṣọ bọ inú rẹ̀ tí ó sì fà á jáde, àwọ̀ ewé ni aṣọ náà yóò kọ́kọ́ gbé wá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, lójú ẹni báyìí ni yóò máa ṣú, tí yóò di àwọ̀ aró. Ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń kọ́ ọmọ ní yunifásítì nípa èròjà tí ń yí padà bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ti ń wò ó ní àgbàlá ìyá rẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo, ó ti ń ka iye ìgbà tí a ń ri aṣọ, ó sì ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí ibi tí ẹ̀kọ bá bà má gba aró. Títí di òní olónìí, n kò gbọ́ pé tírédì sẹ́ńtà kan ní ilẹ̀ wa fi ìdí aró ṣe kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin ni, iṣẹ́ ilé ni, wọn kò kà á kún iṣẹ́.

Ní ọ̀dọ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà Òṣèrè, aṣọ náà ni, ṣùgbọ́n títà rẹ̀ ni a fi mọ̀ wá jù. Òṣómàáló tí ń gbé aṣọ àwìn kiri, tí yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó rẹ̀ yóò fi jáde, kò dédé di òṣómàáló. Ó sin ọ̀gá, ó ru ẹrù ọ̀gá, ó mọ ojú oníbàárà tí yóò san àti èyí tí yóò sá, kí ọ̀gá tó fún un ní ọjà tirẹ̀ kí ó máa lọ. Ìlànà kan náà ni ti alágbẹ̀dẹ, ti agbẹ́gilére, ti télọ̀, ti kápẹ́ńtà, ti mẹkáníìkì: ìyá àti bàbá á mú ọmọ wá, wọn á bá ọ̀gá ṣe àdéhùn, ọmọ á sìn, ìkòkò tí yóò jẹ ata ni, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ní ọjọ́ fríídọ̀mù, wọn á pa ẹran, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á gbàdúrà fún un. Ẹ̀kọ́ yìí ní àléébù, n kò ní fi bò. Ọ̀gá mìíràn a máa fi ọmọ iṣẹ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, a sì máa fi àṣírí iṣẹ́ pamọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, tí iṣẹ́ náà yóò sì bá a wọ ilẹ̀. Ohun tí ọ̀gá kò bá mọ̀, ọmọ iṣẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ìwé tí yóò yẹ̀ wò.

Àwọn òyìnbó ajíhìnrere mọ̀ pé ìwé nìkan kò tó. Láàárín 1850 sí 1860 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ti ń ya òwú tí a sì ń dì í fún títà sí Manchester. Ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn nílò akọ̀wé ju bí ó ti nílò oníṣẹ́ ọwọ́ lọ, akọ̀wé ni ó sì ń wọ ṣòkòtò funfun, nítorí náà ibi tí owó gbà lọ ni àwọn ọmọ gbà lọ. Nígbà tí reluwé dé Ọ̀ṣogbo ní 1907, tí àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa ra kòkó, iṣẹ́ tuntun dé: fítà, dẹ̀rẹ́bà, ẹni tí ń tún ojú irin ṣe. Ọ̀gá ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ wọ̀nyí pẹ̀lú, nínú èéfín àti gírísì. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba tó gbé ìwé ètò ìdàgbàsókè jáde, ní 1946, nínú èyí tí tírédì sẹ́ńtà wà. Yábàá rí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ gbà láìpẹ́ sí i, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì kọ́ tírédì sẹ́ńtà tirẹ̀ káàkiri, ọ̀kan ní Ọ̀ṣogbo. Ilé ẹ̀kọ́ dáradára ni. Bíríkìlà tí ó jáde níbẹ̀ mọ bí a ti ń ka àwòrán ilé, kápẹ́ńtà ibẹ̀ mọ ìwọ̀n. Àwọn tí wọ́n gbà kò pọ̀, iye wọn kò sì tó nǹkan kan lára iye àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù nìyí, mo sì tọrọ àyè kí n dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1955, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lélẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ ka ọdún. Ọmọ tí ó wọlé ní ọdún yẹn yóò jáde ní ìparí 1960; ó ti mọ̀wé, kò fẹ́ padà sóko, kò sì sí iṣẹ́ akọ̀wé tí yóò tó gbogbo wọn. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n kún ìgboro Ọ̀ṣogbo nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ eré, sọ ilé ọtí rẹ̀ di ilé àṣà ní oṣù kẹta 1962, tí òun àti Ulli Beier, ará Jámánì tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ ọ́ ní Mbárí gẹ́gẹ́ bí Mbárí tí ó ti wà ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbárí; àwọn ará Ọ̀ṣogbo kò mọ̀ ọ́n, etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Nínú ọdún náà àti ní 1963, Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yíya àwòrán fún ọjọ́ díẹ̀. Ní 1964, Georgina tí ó wá di ìyàwó Beier ṣe tirẹ̀, òun ni ó sì dúró tì wọ́n lẹ́yìn ìgbà náà, tí ó ń wá ohun èlò tí ó bá ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan mu.

Ìtàn tí ayé ń sọ nípa ọjọ́ wọnnì ni pé òyìnbó dé, ó fún àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan ní búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì di ayàwòrán lójijì. Èmi kò gba ìtàn yìí gbọ́. Ẹ wo àwọn tí ó wá. Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí ti wà nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀, wọ́n ti mọ bí a ti ń fi ara sọ ìtàn. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ni ó ń tan iná sí eré wọn. Nígbà tí ó yá, ìlẹ̀kẹ̀ ni ó mú, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó bí ẹni tí ń to adé ọba. Táíwò Ọláníyì, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven Seven, oníjó ni kó tó mú kálàmù. Múráínà Oyèlámi wá láti Ìràgbìjí, Bísí Fábùnmi sì rí òwú àwọ̀ mèremère gẹ́gẹ́ bí kíkùn tirẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà gbà nítorí pé ọwọ́, ojú àti etí àwọn ọmọ náà ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ láti kékeré. Àlejò ṣílẹ̀kùn ni, àmọ́ ilé ti kún kí ó tó dé.

Àwọn àgbà inú wọn tún fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gedegbe. Asírù Ọlátúndé, tí a bí ní 1918, ọmọ ìdílé alágbẹ̀dẹ ni; àìsàn kò jẹ́ kí ó lè lu irin mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà ṣe yẹtí, Beier rí i, ó gbà á níyànjú, Asírù sì gbé òòlù kékeré sórí pálí alumíníọ̀mù, ó ń lu àwọn igi, ẹyẹ, ọdẹ àti ìtàn inú Bíbélì jáde lára rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, títí tí pálí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ yóò fi wú, tí ewé yóò sì dúró lórí igi. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan náà ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Adébísí Àkànjí bíríkìlà ni. Sìmẹ́ńtì tí a fi ń lẹ ògiri ni ó fi mọ ẹranko, ó sì fi mọ ògiri oníhò tí ènìyàn àti ẹranko wà nínú rẹ̀. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí kápẹ́ńtà ni kí ó tó máa gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé láti agbo agbẹ́gilére ni. Àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí ni Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, bá ṣiṣẹ́ ní igbó Ọ̀ṣun títí ó fi kú ní 2009, tí wọ́n tún ojúbọ ṣe, tí wọ́n kọ́ ilé òrìṣà tí ó ga tí ó sì na apá, tí UNESCO sì kọ orúkọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dára jù ní Ọ̀ṣogbo wà láàárín 1960 sí 1980, igbó Ọ̀ṣun ni n ó tọ́ka sí, níbi tí bíríkìlà ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí obìnrin tí ó ti kàwé ní Vienna sì ń bá wọn po sìmẹ́ńtì.

Ọyẹ́ Èkìtì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ibẹ̀ ni Fádá Kevin Carroll ti kó àwọn agbẹ́gilére jọ láti 1947, tí Bándélé ọmọ Arẹ́ògún kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ, tí Fákẹ́yẹ sì padà kọ́ ẹlòmíràn títí dé Yunifásítì Ifẹ̀. Ní Ọ̀ṣogbo gan-an, Níkẹ Ọ̀kúndayé ṣí ibùdó rẹ̀ ní 1983, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkòkò aró tí tírédì sẹ́ńtà gbójú fò ní ìjọ́sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti tún rí ọmọ iṣẹ́.

Ní àsìkò kan náà ni Ọ̀ṣogbo di ìlú ilé iṣẹ́ ńlá ní tòótọ́. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé ìrọrin mẹ́ta sí Ọ̀ṣogbo, Jos àti Katsina ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ kí ó lè máa yọ irin 210,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ilé iṣẹ́ Machine Tools náà wà níbẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1980 láti máa ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ. Ní Iléṣà, ilé ọtí International Breweries tí Olóyè Lawrence Ọmọlé dá sílẹ̀ ti ń pọn Trophy láti 1978. Inú wa dùn, ó sì tọ́ kí ó dùn. Mo rántí bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń fi ọwọ́ júwe ilé ìrọrin láti inú ọkọ̀, pé ibẹ̀ ni ọmọ àwọn yóò ti ṣiṣẹ́.

Nínú gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́, alágbẹ̀dẹ nìkan ni ó máa ń ṣe irinṣẹ́ ara rẹ̀: òun ni ó rọ èmú tí ó fi ń mú irin, òun ni ó rọ ọmọ owú tí ó fi ń lù ú. Iṣẹ́ kan náà ni iṣẹ́ Machine Tools, ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀dẹ ni. Síbẹ̀ kò sí ọ̀nà kankan láti àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ dé ẹnu géètì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rọ irin sípíríǹgì ọkọ̀ di ọkọ́ àti àdá fún ogún ọdún, tí ó fi ojú lásán mọ ìgbà tí irin gbóná tó fún rírọ àti ìgbà tí ó yẹ kí a rì í bọmi, kò ní sátífíkéètì, nítorí náà iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ni wọn ìbá fi lọ̀ ọ́ bí ó bá dé ibẹ̀. Ọmọ tí ó ní sátífíkéètì ẹ̀wẹ̀, orí pátákó ni ó ti rí léètì kí ó tó rí i lójú ayé. Nígbà tí irin tí ilé ìrọrin ń retí láti Aladja lẹ́bàá Wàrì kò wá déédéé mọ́, tí iná mànàmáná ń ṣẹ́jú, tí ẹ̀rọ sì dákẹ́, ìlú kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbé ilé iṣẹ́ náà dìde fúnra rẹ̀. Ìjọba tà á fún aládàáni, ìrètí àwọn tí ń fi ọwọ́ júwe láti inú ọkọ̀ sì rọ.

Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, èrò inú rẹ̀ sì dára: kí gbogbo ọmọ fọwọ́ kan irinṣẹ́ kí ó tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkèèrè fún àwọn ilé-ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀rọ dé kí iná tó dé, kí yàrá tó dé, kí olùkọ́ tó dé. Mo rí àpótí ńlá kan bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé kan ní agbègbè wa, tí pákó rẹ̀ ti ń jẹrà, tí adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀; ní ojú pópó tí ó kọjú sí ilé-ìwé náà, wẹ́dà mẹ́ta àti kápẹ́ńtà kan wà tí ìbá mọ bí a ti ń lo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìdí rẹ̀ kò ju pé a ti fi ipò sí orí ìwé lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó gba HND ní politẹ́kíníìkì máa ń wọ iṣẹ́ ìjọba ní ìpele keje, onídígírì ní ìpele kẹjọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé HND ni ó mọ bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì. Òbí tí ó bá gbọ́ èyí kò ní sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Tírédì tẹ́ẹ̀sì tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ń ṣe, tí oníṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá lè fi gba ìwé ẹ̀rí, ni afárá tí ó pẹ́ jù láàárín ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì. Afárá tóóró ni, àwọn tí ó mọ̀ pé ó wà kò sì pọ̀.

Ẹ̀sà-Òkè tí ó múlé tì wá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀ka Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn ni kí ó tó dá dúró lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Nítorí ilé ẹ̀kọ́ yìí, àti nítorí ètò IT tí Industrial Training Fund bẹ̀rẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lo oṣù díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, mo rí ohun kan tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan lójú ọ̀nà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ìwé àkọsílẹ̀ IT rẹ̀ wá, ọ̀gá sì gbà á nítorí ọmọ àdúgbò ni. Géètì kan wà nílẹ̀ tí orí rẹ̀ yóò tẹ̀ bí òṣùmàrè láti bá orí ògiri mu; àṣà ọ̀gá ni láti fi ojú wọ̀n ọ́n, kí ó gé irin, kí ó tẹ̀ ẹ́, bí kò bá dọ́gba kí ó tún gé òmíràn. Ọmọ náà tọrọ ṣọ́ọ̀kì àti okùn. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ orí okùn mọ́lẹ̀, ó fa orí kejì yípo lórí sìmẹ́ńtì, ó ṣírò iye irin tí yóò tó o, ó sì sọ ọ́. Ọ̀gá gé e bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lé ojú ṣọ́ọ̀kì náà, kò sí ibi tí ó yẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn bọ́ dígí dúdú ojú rẹ̀, ó fi fún ọmọ náà pé kí ó wá jó o pọ̀. Irin wẹ́dà lẹ̀ mọ́ géètì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ ń làágùn, ni ọ̀gá bá bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì jọ fà á lọ díẹ̀díẹ̀, títí iná rẹ̀ fi ń dún bí ẹyin tí a ń dín.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó ku ibi tí ọ̀gá yóò ti buwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó mú bíírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ewé ìwé náà sókè. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí ewé náà mú fún un títí ó fi kọ ọ́ tán.